Aláǹtakùn Ẹ̀yìnkùlé Wa

Ìyá àwọn ọmọ mi kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da omi gbígbóná sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Ayọ̀bọ̀. Nítorí aláǹtakùn ni. Kì í ṣe èyí tó ń ta òwú sí àjà o. Èyí kì í ta òwú rárá. Ilẹ̀ ló ń gbé, lábẹ́ òkúta. Ó dúdú, ó ní àmì funfun méjì lẹ́yìn, ó sì máa ń bo ẹyin rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí àgbébọ̀ adìyẹ.

"Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, ṣé ẹ ní irú eléyìí?" Bẹ́ẹ̀ ló máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ Ayọ̀bọ̀ ni. Oko bàbá rẹ̀ la kọ́lé sí.

"A ní àkekèé," ni mo máa ń dá a lóhùn. "Ìyẹn ò tó ọ?"

Ayálégbé wa kan, tíṣà ọmọ Èkìtì, ya fọ́tò aláǹtakùn náà, ó fi han ọ̀gá rẹ̀ kan ní yunifásítì. Ọ̀gá yẹn ní òun ò rí irú rẹ̀ rí, ó jọ pé agbègbè yìí nìkan ló wà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ibẹ̀. Àwọn ará yunifásítì ń bọ̀ wá wò ó tí òjò bá dá," ni tíṣà wí.

Inú ìyàwó mi dùn bí ẹni pé òun ni wọ́n ń bọ̀ wá kí. Ó ní kí n ṣèlérí. Mo ṣèlérí.

Òjò ò tíì dá tí ìyàwó mi fi kú. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni.

Lọ́jọ́ kẹta tí a sin ín, àwọn ọmọ ní fídáù ọjọ́ kẹjọ ń bọ̀, àwọn àfáà ò lè jókòó sínú ẹrẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká da kọnkéré sẹ́yìn, Dádì. Àbí ẹ fẹ́ kí wọ́n fi wá rẹ́rìn-ín ni?"

Ojú tì mí. Mo ní kí wọ́n dà á. Bí birikílà ṣe ń ṣí àwọn òkúta náà, mo rí aláǹtakùn kan tó sá jáde, tó tún sá padà sídìí ẹyin rẹ̀. Ǹ bá ti sọ pé, "Ẹ dúró." Mi ò sọ ọ́.

Fídáù lọ dáadáa. Mo lè pe orúkọ gbogbo ẹni tó jókòó sórí sìmẹ́ǹtì yẹn.

Tíṣà ò bá mi jà. Ó kàn ní, "Ó ti ṣẹlẹ̀ ná, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká wá a níbòmíì."

Àwa méjèèjì ti ń yí òkúta káàkiri ilẹ̀ tí wọn ò tíì kọ́lé sí. Ọ̀kùn la rí, ìjàlọ la rí. Lánàá tíṣà ní ó ti rẹ òun, ká máa lọ sílé jàre. Mo ní kó máa lọ. Ó ku plọ́ọ̀tì kan níwájú, wọ́n sì ti já yanrìn ìkọ́lé sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.