Bàtà Tí Ilẹ̀ Gbé Mì ní Mákùn-Omi

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí ìyá mi ṣì ń fi òwú di irun mi, èmi obìnrin yìí fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ju àwọn ọkùnrin àdúgbò wa lọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ jókòó kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Bọ̀ọ̀dá mi ni gbajúmọ̀ nínú ikọ̀ bọ́ọ̀lù àdúgbò wa, Òkè-Àgbò. Níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú ní Ìjẹ̀bú-Igbó ló ń ṣiṣẹ́, pákó rírù ti bó o léjìká. Ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ sí i lẹ́sẹ̀ òsì, aṣọ́lé a máa pe ìyá rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń ṣa agbábọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ ńlá kan ní Èkó wá ránṣẹ́ pé òun máa wá wò ó lọ́jọ́ tí a máa lọ bá àwọn ará Mákùn-Omi gbá. Bí ó bá gbá a dáadáa, ó di Èkó nìyẹn, ó bọ́ lọ́wọ́ pákó. Bàbá mi, olùkọ́ ilé ìwé ìjọ, tí kò fẹ́ràn bọ́ọ̀lù rárá, gbàdúrà lé e lórí láàárọ̀ ọjọ́ náà.

A kó sínú lọ́rí, a gba Àbígi kọjá. Etí omi ni pápá wọn wà, koríko sì bò ó dáadáa. Àṣà wọn níbẹ̀ ni pé kí eré tó bẹ̀rẹ̀, àgbàlagbà kan nínú wọn a bọ́ bàtà, a mú àwọn àlejò rìn yí pápá ká, a fi ibi tí ilẹ̀ ti rọ̀ hàn wọ́n. Bàbá arúgbó kan jáde sí wa. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ bọ́ bàtà o. Ilẹ̀ yìí kì í gba bàtà. Ẹ tẹ̀ lé mi."

Àwa ará ilẹ̀ gbígbẹ, kí la mọ̀? Àwọn àgbà tó sin ikọ̀ wa lọ bẹ̀rẹ̀ sí í fojú bá ara wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n ní òògùn ni bàbá náà fẹ́ kí àwọn ọmọ wa fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀. Ẹni tó ń gba ọrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló tiẹ̀ kọ́kọ́ sọ ọ́! Bọ̀ọ̀dá mi wo bàtà bọ́ọ̀lù tuntun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ dáwó rà fún un. Ó wo ọkùnrin Èkó tó jókòó lábẹ́ agboòrùn. Ó ní, "Mé è bọ́ ọ." Àwọn yòókù náà kò bọ́ tiwọn. Bàbá arúgbó náà mi orí, ó padà.

Mo ti wo bọ́ọ̀lù láyé mi, n kò rí irú ti ọjọ́ náà. Wọ́n gbá a wọlé, a san án padà. Wọ́n ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn, ẹ̀jẹ̀ ń dà, rẹfirí ń fun fèrè, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ó kù díẹ̀ kí eré parí ni bọ́ọ̀lù bọ́ sí bọ̀ọ̀dá mi lẹ́sẹ̀ òsì. Ó gba ẹnì kan kọjá, ó gba èkejì, ó ku òun àti aṣọ́lé. Ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹlẹ̀ kí ó lè gbá a. Ilẹ̀ gbé bàtà náà mì. Ara rẹ̀ yí, ẹsẹ̀ kò yí. Àwa tí a wà létí pápá gbọ́ bí egungun ṣe dá.

"Òògùn ti mú un!" ni àwọn ará wa ń pariwo, wọ́n ń wá ẹni tí wọ́n máa lù. Bàbá arúgbó yẹn ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó fi ọ̀bẹ ẹja gé okùn bàtà náà, omi ń dà lójú rẹ̀. Kò bá wa wí. Kí a tó gbé bọ̀ọ̀dá mi dé ìdí lọ́rí, ọkùnrin Èkó ti ká agboòrùn rẹ̀, ó ti lọ.

Wọ́n to egungun náà, ó jinná, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kan kúrú ju èkejì lọ. Kò lè ru pákó mọ́, wọ́n fi í ṣe ọlọ́dẹ níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú. Inú ṣì ń bí mi títí dòní, kì í sì í ṣe sí ará Mákùn-Omi.

Ayé ti yí. Lónìí, ẹ̀yin àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì máa ń kóra jọ ní Àgọ́-Ìwòyè, ẹ ó sanwó wo bọ́ọ̀lù òkè òkun, ẹ ó máa bá ara yín jà nítorí ẹni tí kò mọ̀ yín. Bí ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù náà bá fara pa, dókítà a sáré wọ pápá. Ìyẹn dára, n kò bá yín jiyàn.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni bọ̀ọ̀dá mi kò fi wo bọ́ọ̀lù. Nígbà tó darúgbó, àwọn ọmọ rẹ̀ ra tẹlifíṣọ̀n wálé, wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó bá àwọn wò ó. Ó jókòó. Kò pẹ́, agbábọ́ọ̀lù kan ṣubú, wọ́n gbé e jáde, ó ń sunkún. Bọ̀ọ̀dá mi dìde. Ó ní, "Ẹ bá mi bi í bóyá wọ́n kìlọ̀ fún òun náà." Ó tiro wọ yàrá lọ.