Omi Tó Dé Oko Alimatou

Ramatou ará Kaboua kì í fi ọ̀rọ̀ omi ṣeré. Àkùrọ̀ wa wà nísàlẹ̀ adágún kan, oko tirẹ̀ ni omi ibẹ̀ sì kọ́kọ́ ń dé. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ìrẹsì rẹ̀ kì í kúrò nínú omi títí ìkórè á fi kù sí dẹ̀dẹ̀. Àwa tí a wà lẹ́yìn rẹ̀ máa ń kùn, a ó sì tún lọ ṣe bákan náà sí ẹni tó wà lẹ́yìn tiwa.

Ẹni ìkẹyìn pátápátá ni Alimatou, ẹ̀gbọ́n ọkọ Ramatou. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìrẹsì rẹ̀ á dàgbà, á yọ ṣírí, inú ṣírí náà á sì ṣófo. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ó tètè gbìn ṣáájú gbogbo wa. Ó ní tí òun kò bá tún rí nǹkan kan kó, òun á fi ilẹ̀ tí ìyá òun fún òun sílẹ̀ fún koríko. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ohun tó dun Ramatou jù nìyẹn.

Hermann, òṣìṣẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ kan tó máa ń ti ìlú Savè wá, ló gbé tìyó kan dé, ìyẹn páìpù oníke, tí wọ́n lu ihò sí lára yíká. Ó rì í mọ́ àárín oko Ramatou.

"Ìyá, inú rẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Tí omi bá tán lójú ilẹ̀, ẹ má tíì ṣí òmíràn. Ẹ dúró títí omi inú tìyó á fi lọ sísàlẹ̀ tó gígùn àtẹ́lẹwọ́ yín. Ìgbà tí ìrẹsì bá ń tanná nìkan ni kí ẹ má jẹ́ kí omi wọ́n ọn rárá."

Èmi rẹ́rìn-ín. Ta ló gbọ́ irú rẹ̀ rí? Ramatou ò rẹ́rìn-ín. Ó di ẹnu ipa omi tó wọ oko rẹ̀.

Kò pẹ́ tí ẹrẹ̀ ibẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í là. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí ilẹ̀ ìrẹsì rẹ̀ bá là, a gbà pé ara rẹ̀ ò yá tàbí pé ìbànújẹ́ ló bò ó mọ́lẹ̀. A kì í bi í léèrè, a kàn ń bá a ṣí omi ni. Bí Kamarou, tí oko rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ramatou, ṣe ṣe nìyẹn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, àánú ló sì fi ṣe é. Ramatou dé, ó bá omi tó ń ya wọ oko rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ méjèèjì kó ẹrẹ̀ dí i.

"Ìyá, ẹ ń pa ìrẹsì yín o," ni Kamarou wí.

"O ṣeun, Kamarou. Tèmi ṣì lè dúró. Ti ẹ̀gbọ́n wa nísàlẹ̀ ló ń tanná."

Oúnjẹ ọdún kan ló ń fi dánwò, kò sì ní oko mìíràn. Ó ní kí èmi náà wá wo inú tìyó. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wò ó. Lábẹ́ ilẹ̀ tó ti là yẹn, omi wà níbẹ̀ jẹ́ẹ́, mo sì rí ojú ara mi nínú rẹ̀. Ramatou wá hú ìdí ìrẹsì kan. Gbòǹgbò rẹ̀ gùn ju èyí tí mo rí rí lọ, ẹnu rẹ̀ sì tutù. Ó ti bá omi lọ sísàlẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, kì í ṣe ẹ̀rù ibi. Láti ìgbà ọmọge ni mo ti ń gbin ìrẹsì, n kò sì mọ̀ pé nǹkan tí mo ń gbìn lè wá omi ara rẹ̀ lọ báyìí. Ọlọ́run tóbi.

Kamarou fúnra rẹ̀ ló gba etí ipa omi lọ, tó ń bẹ̀ wá lọ́kọ̀ọ̀kan pé ká jẹ́ kó kọjá. Nírọ̀lẹ́, omi dé oko Alimatou, ó rọra ń ti ewé gbígbẹ síwájú. Alimatou bọ́ sálúbàtà rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ wọ mọ́ṣáláṣí, ó sì dúró síbẹ̀.

Nígbà tí ti Ramatou náà tanná, kò jẹ́ kí omi wọ́n ọn. Omi tó lò jálẹ̀ ọdún yẹn kéré gan-an sí ti tẹ́lẹ̀, ìrẹsì tó kó ò sì dín; ó tilẹ̀ lé díẹ̀.

Ọjọ́ tí Alimatou fẹ́ kórè, ó já ìrẹsì kan, ó fi eyín gé e. Ó lọ sí igun kejì, ó gé òmíràn. Ó ń lọ káàkiri báyìí, àfi bí ẹni tó ń wá èyí tó ṣófo. Nígbà tó yá, ó na ṣírí kan sí Ramatou.

"Ìyàwó mi, bá mi gé e wò. N kò gba eyín mi gbọ́ mọ́."

Ramatou gé e. "Ó kún, ẹ̀gbọ́n mi."

Alimatou jókòó sórí ilẹ̀ ìyá rẹ̀, ó sì sunkún.