Bẹ́ẹ̀ Ni, Sà

Kí ọ̀jọ̀gbọ́n tó kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ ìṣèlú tó purọ́, á kọ́kọ́ yọ awò ojú ẹ̀, á ní: "Ìwádìí wa fi hàn." Mo tẹ̀ lé e lọ ṣèwádìí lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì ní Agége. Kò tiẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú jíìpù. Ó bi wọ́n: "Ẹ fẹ́ kí ìjọba tún ibí ṣe, àbí?" Kò dárúkọ katapílà. Ta ló máa bá àgbàlagbà inú jíìpù jiyàn?

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ìjọba tẹ̀ lé ìwádìí ẹ̀, wọ́n wó gbogbo ṣọ́ọ̀bù wọn. Lórí rédíò, ọ̀jọ̀gbọ́n ní àwọn mẹkáníìkì fúnra wọn ló fọwọ́ sí i.

Lánàá a pàdé ní Opebi. Ó ní, "O ṣì ń fi mí yangàn, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó gbà mí gbọ́.