Ẹja Ńlá tí Mo Fi Kí Àlájì Káàbọ̀

Ẹja kan wà ní pálọ̀ mi ní Ìgándò yìí tó jẹ yanrìn típà kan tán láàárín ìrun Alásárì sí ìrun Mọ̀gàríbì. Nígbà tó yó, ó dùbúlẹ̀ sínú omi, ó ń pọ búlọ́ọ̀kù jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi náà ń tò ó síta. Búlọ́ọ̀kù yẹn ni mo fi mọ fẹ́ǹsì mi. Ẹni tí kò bá gbà, kó lọ gbóòórùn fẹ́ǹsì náà.

Èmi àti Àlájì tí ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi, ọkọ̀ ẹrù kan náà ló kó wa wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Orí ẹní kan la jọ ń sùn ní Ìkòtún kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó ra ilẹ̀. Òun ń ta pákó, èmi ń ránṣọ. Nígbà tí a dàgbà tán, bẹ́ńṣì fàráńdà mi ni àwọn àgbà àdúgbò ń kóra jọ sí ní ìrọ̀lẹ́. A ń jẹ ẹ̀pà, a ń parọ́, a ń sọ̀rọ̀ ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ìyàwó mi ti kú, àwọn ọmọ ti lọ sájò. Kí n má parọ́, nítorí ìrọ̀lẹ́ yẹn ni mo ṣe ń jí láàárọ̀.

Àfi bí Àlájì ṣe ra táǹkì ẹja onígíláàsì, tó gbin òdòdó sínú omi, tó tan iná búlúù sí i. Bí àwọn èrò mi ṣe rọ́ lọ síbẹ̀ nìyẹn. Ìyẹn ò tiẹ̀ dùn mí tó ọ̀rọ̀ tó sọ nígbà tí ẹnìkan ní kí wọ́n yà kí mi.

"Ẹ fi bàbá yẹn sílẹ̀ jàre. Ta ló fẹ́ lọ fi ẹ̀jẹ̀ bọ́ ẹ̀fọn ní fàráńdà ẹ̀?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ojú wíńdò mi ni mo wà tí mo ti gbọ́ ọ. Mo ní tí ẹ̀rín yẹn bá lọ lásán, a jẹ́ pé èmi kọ́ ni bàbá mi bí.

Mo gba Ìkòtún lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́. Mo ní mo fẹ́ ẹja tí ẹnìkan ò ní ládùúgbò wa. Ó fi èyí tó ń jẹ yẹ̀pẹ̀ hàn mí. Á bu yanrìn sẹ́nu, á máa rún un bí arúgbó tí kò léyín, á tú u dà láti ihò ẹ̀rẹ̀kẹ́. Obìnrin náà ní oúnjẹ ló ń wá nínú ẹ̀, bí ẹni ń sẹ́ ògì.

Ó béèrè bí táǹkì mi ṣe gùn tó. Mi ò tíì ní táǹkì, àmọ́ mo ní kò ju ẹní ìkírun mi lọ. Ó ní fún ìwọ̀n bẹ́ẹ̀, tí kò tóbi tí kò kéré, àwọn kékeré onírù pupa ni kí n mú, kí n mú wọn lọ́pọ̀, torí ẹyọ kan ṣoṣo á kàn máa sá pamọ́ ni. Yanrìn kíkúnná ni kí n dà sábẹ́ wọn. Òkúta wẹ́wẹ́ á bó wọn lẹ́nu. Mo nawọ́ sí àwọn kan tí iwájú orí wọn wú. Ó ní rárá o, àwọn yẹn á dàgbà ju táǹkì mi lọ, wọ́n sì máa ń hú ohun téèyàn bá gbìn.

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀, Bàbá. Wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀ títí wọ́n á fi kan gíláàsì."

Inú mi dùn débi pé mo wá àga jókòó. Mo ra táǹkì, mo ní kó di àwọn kékeré fún mi, kó di àwọn ńlá fún ọ̀rẹ́ mi.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Àlájì ti Mẹ́kà dé. Ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó bá ti Mẹ́kà dé, a kì í lọ kí i lọ́wọ́ òfo, òun náà kì í kọ ẹ̀bùn lójú èrò. Mo gbé ọ̀rá ẹja wọlé láàárín gbogbo jámáà. Mo ní, "Àlájì, o kú oríire. Ẹja onísùúrù ni mo bá ọ rà." Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n gbé ejò lé lọ́wọ́, ó ní kí Ọlọ́run gbà á lẹ́sìn. Ọwọ́ ara mi ni mo fi dà wọ́n sínú táǹkì rẹ̀.

Ohun tí mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé yẹ̀pẹ̀ pupa ló wà lábẹ́ yanrìn funfun inú táǹkì Àlájì. Ó ní òdòdó ò lè hù lórí yanrìn lásán, ló bá bu ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ sí i. Kò pẹ́ tí àwọn ẹja fi débẹ̀. Òdòdó léfòó bí ẹ̀fọ́ àjẹkù, omi pọ́n bí epo. Àwọn èrò jókòó, wọ́n ń wo gíláàsì pupa, ẹnìkan béèrè bóyá ọbẹ̀ ni. Nígbà tó yá, wọ́n ré títì kọjá padà sọ́dọ̀ mi, níbi tí àwọn onírù pupa ti ń sẹ́ yanrìn wọn jẹ́jẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Àlájì fúnra rẹ̀ dé. Ó ṣí fìlà, ó ní, "Mo ṣẹ̀ ọ́. Ẹ̀fọn rẹ dùn ju iná búlúù mi lọ." Mo jẹ́ kó dúró títí ẹsẹ̀ fi ro ó, kí n tó sún fún un.

Ó dáa. Búlọ́ọ̀kù fẹ́ǹsì yẹn, Òkè-Odò ni mo ti rà á. Irọ́ kejì ni ti fìlà. Àlájì ò wá. Àwọn èrò padà lóòótọ́, òun ò ré títì. Títí dòní ló ń jókòó síwájú omi pupa yẹn; kò da àwọn ẹja náà nù, kò sì dá wọn padà fún mi. Mi ò ní lọ pè é. Ààyè ẹnìkan ni mo fi sílẹ̀ lórí bẹ́ńṣì, lápá ibi tó kọjú sí wíńdò rẹ̀. Kó máa wò ó.