Ohun Tó Wà Lábẹ́ Ìkérora

Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni.

Dùùrù ló ń tẹ̀, orin jáàsì ló sì ń fi í ṣe. Ẹni tí kò bá mọ jáàsì, kò ṣòro. Wọ́n á mú orin tí gbogbo ayé mọ̀, wọ́n á tú u palẹ̀, wọ́n á tún un tò títí o fi máa fẹ́rẹ̀ẹ́ má dá a mọ̀ mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ní bí ẹni tó tú rédíò onírédíò ni, tó dè é padà tán, tí nọ́ọ̀tì mẹ́ta wá ṣẹ́kù sílẹ̀.

Yàrá ìjẹun hòtẹ́ẹ̀lì kan ló ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹ dùùrù, fún àwọn tó ń jẹun tí wọn kò gbọ́. Àmọ́ ó gbé àwo orin mẹ́fà jáde. Àwọn yẹn ló kà sí iṣẹ́. Ti hòtẹ́ẹ̀lì, ó ní ariwo ṣíbí ni.

Àléébù kan ló ní. Tí ó bá ti jókòó ti dùùrù, ó máa ń kérora. Kì í ṣe kékeré. Bí ẹni tó ń gbé àpò sìmẹ́ńtì gun òkè ni. Òun fúnra rẹ̀ kì í mọ̀ pé òun ń ṣe é. Nínú àwo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kò sí èyí tí ìkérora kò sí nínú rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé kan kọ ọ́ sẹ́yìn páálí àwo kejì pé ohùn ọkàn ni. Irọ́ ni. Ìkérora ni.

Ládùúgbò, kò sẹ́ni tó ń pè é ní onídùùrù. Bàbá Akérora ni wọ́n ń pè é. Tí ó bá wọ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, àwọn àgbà tó jókòó síbẹ̀ á dákẹ́ lójijì. Ọ̀kan nínú wọn á kérora wẹ́rẹ́, àwọn yòókù á gbè é. Onígbàjámọ̀ á wá béèrè bóyá àga yẹn le jù fún Bàbá ni. Òun náà á rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Eyín rẹ̀ ló ń rín in, inú rẹ̀ ò sí níbẹ̀.

Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni pé ọjọ́ ń lọ. Kò fẹ́ kú kí ó wá jẹ́ pé ìkérora ni wọ́n á fi máa rántí òun. Ó fẹ́ kí wọ́n gbọ́ dùùrù, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan.

Àríyànjiyàn mìíràn wà nínú ilé rẹ̀ tí kò kan ará ìta. Nínú àwo kẹta, orin kan wà tí ó pè ní Àtẹ̀gùn. Òun ni àwọn ènìyàn fẹ́ràn jù. Ibì kan wà láàárín rẹ̀ tí dùùrù ti ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí ó wá dúró, bí ẹni tó rántí lórí àtẹ̀gùn pé òun gbàgbé nǹkan sókè, kí ó tó wá pinnu pé kí ó máa lọ bẹ́ẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní òun ló ni ibẹ̀ yẹn. Ó ní òun ń fi imú kọ ọ́ nídìí abọ́ tí òun ń fọ̀, ni ọkọ òun fi ṣà á lẹ́nu òun bí ẹyẹ ṣe ń ṣa ọkà. Ọkọ ní ta ló gbọ́? Ó ní ẹni tó fi kànrìnkàn fọ dùùrù lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e wọlé, tó rò pé ìdọ̀tí ló mú kí àwọn eyín dùùrù kan dúdú, òun ló wá fẹ́ ni orin. Ìyàwó ní kí ó fi ọ̀rọ̀ kànrìnkàn sílẹ̀, kí ó dáhùn èyí tí wọ́n bi í.

Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bí ọmọ wọn obìnrin. Ọmọ náà ti ní ọkọ báyìí, ọ̀rọ̀ kò tíì parí.

Obìnrin náà kì í pariwo. Ẹyin ló fi ń jà. Láti ìgbà tí eyín ọkọ rẹ̀ ti ń dín kù, oúnjẹ alẹ́ rẹ̀ kì í yí padà: búrẹ́dì, tíì, ẹyin sísè méjì. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ Àtẹ̀gùn bá jáde, ẹyin á di ọ̀kan. Ọjọ́ tí ọkọ bá mẹ́nu ba kànrìnkàn, búrẹ́dì nìkan ló máa rí lórí tábìlì.

Ọkọ ọmọ wọn yẹn ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀. Ó wá lọ́jọ́ kan, ó ní wọ́n fẹ́ tún àwo kẹta gbé jáde. Ó ní ẹ̀rọ kan sì ti dé tó lè yọ ohùn kan kúrò láàárín ohùn mìíràn, bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì. Bàbá dìde dúró. Ó béèrè bóyá ó lè yọ ìkérora. Ọmọkùnrin náà ní ó lè yọ ọ́ tán pátápátá.

Ìyá ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ó ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bàbá ní kò sí ohun tó wà lẹ́yìn ìkérora òun ju dùùrù lọ. Kò tilẹ̀ dúró jẹun. Ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ ló gbà lọ, ó sì fọ́nnu fún gbogbo wọn pé òun máa gbé àwo tuntun wá síbẹ̀ kí wọ́n fi etí ara wọn gbọ́. Ẹni tó bá tún kérora lọ́jọ́ náà, òun ni yóò máa jẹ́ Akérora lọ.

Bí wọ́n ṣe gba orin yẹn sílẹ̀ nìyí, torí ó kan ọ̀rọ̀ náà. Dùùrù ti wà nínú ilé kí wọ́n tó mọ ògiri iwájú. Lẹ́yìn tí wọ́n mọ ọ́n tán, kò lè gba ẹnu ọ̀nà jáde mọ́. Nítorí náà, ẹ̀rọ ló tọ dùùrù wá. Ọkùnrin tó gbé ẹ̀rọ wá nígbà náà ti di olóògbé. Fèrèsé pálọ̀ kọjú sí títì, mọ́tò ń kọjá, ló bá gbé máìkì lọ sẹ́yìn pátápátá, sí ẹ̀gbẹ́ ihò ara ògiri tí wọ́n fi ń gba oúnjẹ láti ilé ìdáná. Ìyàwó wà ní ilé ìdáná, ó ń fọ abọ́. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má kan abọ́ mọ́ abọ́. Kò sì kàn án. Ti ẹnu, wọn kò sọ ọ́ fún un.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, àna wọn gbé iṣẹ́ tó ti ṣe wá, ó gbé ẹ̀rọ kékeré ka orí tábìlì. Bàbá jókòó, ó na ọrùn. Ìyá wà nídìí sítóòfù, ó ní òun ń gbọ́ láti ibẹ̀.

Dùùrù bẹ̀rẹ̀. Kò sí ìkérora. Ó mọ́ bí omi inú gíláàsì. Bàbá di ọwọ́ àga mú. Ó ń gbọ́ ọwọ́ ara rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń gbé sìmẹ́ńtì nítòsí. Ó bojú wo àna rẹ̀, ó mi orí pé ó dáa.

Orin wá dé ibi orí àtẹ̀gùn yẹn.

Níbi tí ìkérora ti máa ń pọ̀ jù, ohùn obìnrin kan ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ó ń fi imú kọrin. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó dúró, ó ń lọ. Dùùrù tẹ̀ lé e, ó ṣì í. Ohùn náà ní, "Kì í ṣe bẹ́ẹ̀." Ó tún un kọ. Dùùrù tún un gbìyànjú, ó tún ṣì í; gbogbo ayé ti rò pé jáàsì ni àṣìtẹ̀ méjèèjì. Ohùn náà ní, "Ẹ wálẹ̀ sí i. Ó tún ku ọ̀kan." Dùùrù wálẹ̀ sí i, ó dúró, ó bọ́ sí i gẹ́lẹ́, bí gbogbo ayé ṣe mọ̀ ọ́n. Ohùn náà ní, "Ẹ̀n-ẹ́n."



Bàbá ní kí àna wọn tún un gbé sí i. Ó tún un gbé sí i. Ọ̀kan náà ni.

"Ohùn ta nìyẹn?" Bàbá béèrè.

Àna wọn wo ilẹ̀. "Ó dà bí ohùn obìnrin, Bàbá."

Ohùn jáde láti inú ihò ògiri. "Obìnrin wo?"

"Ẹ̀rọ ò dárúkọ, Màmá."

Ọ̀rọ̀ di adìẹ tó bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ, ara ò sì rọ àna tó jókòó sáàárín wọn. Bàbá ní òun ò gbọ́ nǹkan kan lọ́jọ́ tí wọ́n gba orin náà sílẹ̀, òun lè búra. Ìyá ní, "Ta ló máa gbọ́ nǹkan nínú irú ìkérora yẹn? Etí yín ò gbọ́. Ọwọ́ yín gbọ́."

Bàbá sún mọ́ àna rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó bi í bóyá ẹ̀rọ lè yọ èyí náà. Ọmọkùnrin náà ní òun ti gbìyànjú rẹ̀. Ohùn náà ti lọ́ mọ́ dùùrù níbẹ̀, bí wọ́n bá fa ọ̀kan, èkejì á bá a lọ. Ọ̀nà méjì ló kù. Kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, tàbí kí wọ́n dá ìkérora padà láti fi bò ó.

Bàbá ronú. Bí wọ́n bá dá ìkérora padà, Akérora ni títí dé ibojì. Bí wọn kò bá dá a padà, àwọn ará ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ á gbọ́ bí ìyàwó ṣe ń kọ́ ọ níṣẹ́ láti ìdí abọ́. Etí rẹ̀ ṣì dára. Láti inú ihò ògiri, ó gbọ́ tí ẹyin méjì bọ́ sínú ìkòkò omi, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì.

"Dá a padà," ló sọ.

Ó gbọ́ ṣíbí. Ẹyin kan jáde kúrò nínú omi. Èkejì jáde.

Ó wá ní kí àna rẹ̀ dúró ná. Ó ní kí ó fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ó kàn kọ ọ́ sẹ́yìn páálí pé ìyàwó onídùùrù ràn án lọ́wọ́.

Ẹyin kan padà sínú omi.

"Ràn án lọ́wọ́," ni ohùn ilé ìdáná wí, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ka ohun tí kò dá a lójú.

Bàbá dìde. Ó lọ sídìí dùùrù, kò jókòó. Ọwọ́ kan ló fi tẹ orin náà. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó dúró. Ó fẹ́ máa lọ, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Ó ti ń tẹ̀ ẹ́ láti ìgbà èwe wọn, kò sì kọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà náà ni obìnrin tó wà nídìí sítóòfù fi imú kọ èyí tó kù, láìbojúwẹ̀yìn, bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Ọwọ́ Bàbá tẹ̀ lé e, ó bọ́ sí i gẹ́lẹ́.

Ó pa ìdérí dùùrù dé.

"Pa ràn-án-lọ́wọ́ yẹn rẹ́," ló sọ fún àna rẹ̀. "Kọ ọ́ pé àwa méjèèjì la ni ín."

"Orúkọ ta ló máa ṣáájú, Bàbá?"

"Bi ẹni tó ni orin."

Ìyá yọ orí nínú ihò ògiri. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu iwájú orí. "Tiyín ni kó ṣáájú. Ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́. Abọ́ ni mò ń fọ̀ ní tèmi."

Bàbá ní ó dáa, àmọ́ kí ni àwọn ará ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ máa wá sọ?

"Wọ́n á máa pè yín ní Ọkọ Olórin."

Ó gbé e yẹ̀ wò. Ó san ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Àna wọn kó ẹ̀rọ rẹ̀, ó sá lọ kí wọ́n tó tún bi í ní nǹkan mìíràn. Bàbá jókòó sídìí tábìlì, ó dẹ etí sí ihò ògiri, títí ó fi gbọ́ tí ẹyin kejì bọ́ sínú omi.

Búrẹ́dì ló jẹ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, pẹ̀lú tíì àti ẹyin sísè méjì.