Odó Lórí Àjà Ẹlòmíràn

Nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù dé ẹnu ọ̀nà wa ní abúlé, odó ni ìyá mi kọ́kọ́ nawọ́ sí. Kò tíì mẹ́nu ba bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, kò tíì mẹ́nu ba àpótí aṣọ. Awakọ̀ wo odó náà, ó wo èmi.

"Bàbá, ṣé ẹ ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lẹ ń kó lọ?"

"Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni."

"Ẹ wá ń gbé odó lọ sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì." Ó mi orí, ó rẹ́rìn-ín. "Ìjẹ̀ṣà!"

"Ìwọ gbé e," ni ìyá mi wí. "Gbígbé la ní kí o gbé e, a ò ní kí o rò ó."

Èmi àti awakọ̀ jọ gbé e sínú ọkọ̀. Igi ìrókò ni. Ó wúwo bí ẹni tí kò fẹ́ lọ.

Abúlé wa wà lẹ́yìn Iléṣà, kò jìnnà sí Ìtagúnmódì. Kòkó àti obì ni àwọn baba wa ń gbìn níbẹ̀. Èmi náà ro oko kòkó kí n tó lọ sílé ìwé gidi. Mo ti di ọkọ ìyàwó, mo ti di bàbá ọmọ, kí n tó jókòó sí kíláàsì ní Ẹ̀sà-Òkè, láàárín àwọn ọmọ tí wọ́n ń kí mi bí ìgbà tí wọ́n ń kí olùkọ́. Iṣẹ́ ìjọba ni mo rí ṣe lẹ́yìn ìyẹn, ní Iléṣà. Ó tẹ́ mi lọ́rùn. Mo ń ti abúlé lọ síbi iṣẹ́, mo sì ń padà sílé nírọ̀lẹ́. Nígbà tí ìjọba wá gbé mi lọ sí Òṣogbo, ọmọbìnrin mi ti ń ṣe olùkọ́ níbẹ̀. Àbújá ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń wálé. Òun pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin kékeré nìkan ló wà nílé. Ó ní, "Bàbá mi, ẹ jẹ́ ká kúkú jọ gbé. Ẹ mú Màmá Àgbà dání." Ó wá fúláàtì kan fún wa ní Dàda Estate, lókè.

Ìyá ọmọ mi ti ṣaláìsí ní ọdún mélòó kan ṣáájú. N kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ìyẹn. Òun ló máa ń gún iyán nílé wa. Nígbà tí a sin ín tán, tí àwọn ẹbí túká, ìyá mi se iṣu nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ odó, ó jókòó sórí àpótí, ó ń wo ilẹ̀. Kò pè mí. Mo lọ mú ọmọ odó. Láti ọjọ́ náà, èmi ni mo ń gún un. Bí mo bá ti gbé ọmọ odó sókè, ìyá mi á ti ọwọ́ bọ omi, á yí iyán náà sí apá kejì, á yọwọ́. Kò sí ìgbà kan tí mo gún un lọ́wọ́.

Ibẹ̀ la ti ń sọ̀rọ̀. Ní ibòmíràn, èmi àti ìyá mi lè jókòó títí kí á má sọ ju "ooru mú" lọ. Ṣùgbọ́n nídìí odó, ó ń sọ fún mi nípa obì tí kòkòrò jẹ, ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, ẹni tó fi oko baba rẹ̀ fún àwọn awagóòlù kí wọ́n gbẹ́ ẹ di ihò. Èmi náà ń sọ ohun tí n kò lè sọ fún ẹlòmíràn.

Ibẹ̀ ló ti sọ fún mi pé ẹ̀rù Òṣogbo ń ba òun.

"Mo mọ bí a ṣe ń darúgbó ní ulé," ó ní. "N kò mọ bí a ṣe ń darúgbó nílẹ̀ onílẹ̀."

Bí ó ṣe máa ń pe ilé nìyẹn, bí gbogbo Ìjẹ̀ṣà àtijọ́. Mo sọ fún un pé bí Òṣogbo kò bá bá a lára mu, kí ó sọ, n óò dá a padà, n kò ní bá a jiyàn.

"Mo gbọ́ o," ó ní. "Má gbàgbé."

Mo ṣèlérí náà nítorí mo rò pé kò ní béèrè rẹ̀. Kò sí ẹni tó kù sí ilé wa ní abúlé. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Ó ti ṣubú nídìí kànga rí, àwọn awagóòlù tó ń kọjá ló gbé e dìde. Bí ó bá padà, òun nìkan ni yóò wà níbẹ̀, iṣẹ́ ìjọba kò sì ní jẹ́ kí n tẹ̀ lé e.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a dé Òṣogbo, ó se iṣu. Odó kò gba ilé ìdáná, a gbé e sí pálọ̀. Mo gbé ọmọ odó sókè, mo gún un lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo ilé ló dáhùn. Àwo ń wárìrì nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Mo wo ìyá mi. Ó ní, "Gún un." Mo ń gún un lọ.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi kanlẹ̀kùn. Bàbá kan ló dúró síbẹ̀, ó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, ó ró ìró mọ́dìí. Ó jù mí lọ dáadáa. Orí rẹ̀ funfun, mo kọ́kọ́ rò pé ewú ni.

"Ẹ káàbọ̀ sí àdúgbò wa o," ó ní. "Èmi ni mo ń gbé ìsàlẹ̀ yín. Ẹ dákun, kí lẹ ń wó?"

"A ò wó nǹkan kan, Bàbá. Iyán ni."

Ó yọjú wo odó lẹ́yìn mi. "Iyán. Lórí mi." Ó fọwọ́ pa orí, ó nà án sí mi kí n rí i. Ẹfun àjà ni. "Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni yín, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí ni mo tiẹ̀ ń béèrè sí?"

Ìyá mi pariwo láti ẹ̀yìn, "Ta nìyẹn? Ní kó wọlé wá jẹun!"

"Ẹ ṣé, Màmá. Bí mo bá jókòó jẹun, ta ni yóò bá mi gbé àjà dúró?"

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kò burú, ó ń gbọn orí rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ní alẹ́ yẹn, iyán oníkókó la jẹ. Ìyá mi kò fọwọ́ kàn án.

A gbé odó sí bàkónì. Ọmọbìnrin mi ra pọ́ńdò. Ìyá mi jẹ òkèlè méjì, ó ṣan ọwọ́. Ọmọ mi tún ra ẹ̀rọ tó ń fi iná gúnyán, ó gbé e kalẹ̀ níwájú rẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Ìyá mi gbọ́ ariwo rẹ̀ tán, ó tọ́ ọ wò.

"Ó lọ̀ ọ́ ni," ó ní. "Kò gún un."

"Màmá Àgbà, iyán ni ẹnu ń jẹ, ẹnu ò mọ ohun tó gún un."

"Ẹnu tìrẹ ni kò mọ̀."

Ọmọ-ọmọ mi kó bèbí rẹ̀ sínú odó ní bàkónì, ó ní ilé wọn ni. Ìyá mi wò ó. Ó yíjú padà, ó wọ yàrá lọ, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù.

Àwọn ará estate kì í ṣe ènìyàn burúkú. Iṣẹ́ ìjọba ni púpọ̀ nínú wọn ń ṣe. Láàárọ̀ wọ́n ń sáré jáde, nírọ̀lẹ́ wọ́n ń wọlé, wọ́n ń ti géètì. Bí wọ́n bá rí ìyá mi ní bàkónì, wọn á juwọ́, wọn á ní, "Màmá Fúláàtì Òkè, ẹ kú ìjókòó o!"

"Màmá Fúláàtì," ó ń tún un sọ fún mi. "Ṣé èmi ni mo bí fúláàtì ni?"

Ní ìrọ̀lẹ́, èmi àti òun á jókòó síwájú tẹlifíṣàn.

"Ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹ."

Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Ìró rẹ̀ kò dúró mọ́ ọn nídìí mọ́. Gbogbo ìgbà ló ń tú u, tó ń tún un ró.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí mo ṣe ń de bàtà kí n tó lọ síbi iṣẹ́, ó wá dúró tì mí.

"Ọ̀rọ̀ tí o sọ fún mi nídìí odó, ṣé ó ṣì wà?"

"Ó wà."

"Mú mi re ulé ní Sátidé."

Mo ní, "Ó dáa." Mo lọ síbi iṣẹ́, mo ṣí fáìlì kan, ojú ewé kan náà ni mo ń kà títí a fi ṣíwọ́.

Ọmọbìnrin mi kò gbà. Ó tẹ̀ lé mi dé yàrá. "Bàbá mi, ẹ ò ní sọ nǹkan kan?"

"Mo ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀."

"Kí lẹ sọ?"

"Pé n kò ní bá wọn jiyàn."

"Ta ni yóò máa wò wọ́n? Ta ni yóò gbọ́ bí wọ́n bá ṣubú?"

Mo lọ dúró lójú fèrèsé. Ẹ̀yìnkùlé kan wà nísàlẹ̀, tí bàbá ìsàlẹ̀ ń lò, ó fẹ̀, ó sì mọ́. Mo ti ń wò ó láti ojú fèrèsé fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ti ba àjà rẹ̀ jẹ́, ojú wo la fẹ́ fi tọrọ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀? N kì í ṣe ẹni tó mọ nǹkan tọrọ.

Ní Fúráìdè, nígbà tí mo dé láti ibi iṣẹ́, ìyá mi ti wé gèlè. Báàgì rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ti dì í. Ó mú obì dání, obì ilé wa.

"Fà mí lọ́wọ́ sọ̀ kalẹ̀," ó ní. "Mo fẹ́ dágbére."

"Ta lẹ fẹ́ dágbére fún? Ẹ ò mọ ẹnì kan níbí."

"Ẹni tí a bá ń sùn lé lórí, a mọ̀ ọ́n."

A rọra ń sọ̀ kalẹ̀, ó di apá mi mú. Mo kanlẹ̀kùn. Bàbá ìsàlẹ̀ ṣílẹ̀kùn, ó rí wa, àjà rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbójú sókè wò.

"Ẹ tún fẹ́ gúnyán?"

"Rárá o," ìyá mi ní. "Mo ń lọ ulé lọ́la. A kì í kúrò lágbègbè ká má dágbére fún aládùúgbò. Mo sì wá bẹ̀ ọ́ nítorí eruku tí a dà sí ọ lórí. Gba obì."

Bàbá náà kò gba obì. "Ilé wo?"

"Ulé mi. Ní ẹ̀yìn Iléṣà."

"Ta ló wà níbẹ̀?"

"Ògiri wà níbẹ̀," ó ní.

"Màmá, ta ló lé yín?"

"Kò sẹ́ni tó lé mi."

"Bí ẹ bá lọ, èmi ni wọ́n máa ní mo lé yín. Wọ́n á ní mo lé ìyá arúgbó padà sóko nítorí ẹfun orí àjà." Ó kọjú sí mi, ohùn rẹ̀ ti le. "Ṣé ẹ̀yin náà ò lè sọ̀rọ̀ ni? Iṣẹ́ rélùwéè ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ọkọ̀ ojú irin ń kọjá lẹ́bàá ìbùsùn wa, a ò ní kó dákẹ́. Àjà páálí yìí ni kò lágbára, kì í ṣe odó yín. Ẹ̀yìnkùlé wà níbẹ̀ yẹn, sìmẹ́ńtì ni. Ṣé ẹnì kan ń sùn lábẹ́ rẹ̀?"

Ojú tì mí. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà."

Ìyá mi kò dúpẹ́. Ó ń wo inú ilé bàbá náà, níbi tí àpò búrẹ́dì wà lórí tábìlì.

"Kí lo máa ń jẹ nírọ̀lẹ́?"

"Búrẹ́dì ni. Ìyàwó mi wà lọ́dọ̀ ọmọ wa ní Èkó, ó lọ wo ọmọ tuntun. Ó ti pẹ́."

"Búrẹ́dì." Ó dárúkọ rẹ̀ bí ẹni dárúkọ àìsàn. Ó wá yíjú sí mi. "Uṣu tí a fẹ́ mú lọ ulé ńkọ́?"

"Ó wà lókè."

"Lọ sè é."

Ọmọbìnrin mi ló gbé iṣu kaná, kò bi mí léèrè ohunkóhun. Ọmọ-ọmọ mi kó bèbí rẹ̀ jáde nínú odó, ó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má sunkún, a máa wá ilé mìíràn fún wọn. Èmi àti bàbá ìsàlẹ̀ jọ gbé odó sọ̀ kalẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń bú gbogbo Ìjẹ̀ṣà láti ìran dé ìran. Ìyá mi jókòó sórí korobá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Mo gbé ọmọ odó sókè. Sìmẹ́ńtì kò dáhùn rárá. Ìyá mi ti ọwọ́ bọ omi, ó yí iyán, ó yọwọ́.

"Kókó wà lápá ibí," ó ní. Lẹ́yìn náà: "O ti rù."

"Ẹ̀yin náà ti rù."

"Èmi mọ ohun tó ń ṣe mí."

Bàbá ìsàlẹ̀ jẹ tirẹ̀ nídìí odó, kò dúró de àga. Nígbà tó jẹ ẹ́ tán, ó gba obì.

Ní Sátidé, mo wọ aṣọ ìrìn àjò, mo mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, mo dúró ní pálọ̀. Mo ti ṣèlérí. Ìyá mi jáde láti yàrá, ó wò mí láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ibo ni wọ́n ti ń ta uṣu tó dáa nílùú yìí?" ó ní.

Mo mú un lọ sọ́jà.

Àwọn ará estate ti ń pè é ní Màmá Olódó báyìí. Ó ní òun kò bí odó rí náà, ṣùgbọ́n ó máa ń dáhùn. Kò tíì tú báàgì rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ wọ aṣọ, á fa ẹyọ kan yọ, á tún gbé báàgì náà padà sẹ́nu ọ̀nà. N kò béèrè. Bí ó bá fẹ́ sọ ọ́ fún mi, ó mọ ibi tí mo máa ń wà nírọ̀lẹ́.