Apá Tí Mò Ń Fi Pamọ́

Ọdún tí ìjọba kó olú ìlú kúrò l'Ékòó lọ sí Àbújá ni mò ń sọ yìí. Ẹ̀gúsí bíbó ni mò ń tà l'Ébùté Èrò, bùbá alápá gígùn ni mo sì fi ń bo ọgbẹ́ apá mi, oòrùn ì báà mú bí iná. Ara kì í yún mi o. Bí ọjà bá ti dá, tí ọkàn mi ò lélẹ̀, ọwọ́ mi á kàn gba abẹ́ bùbá lọ, á wá èépá tó fẹ́ jinná, á ṣí i. Ẹ̀jẹ̀ ló máa ń ta mí jí. Màá wá búra pé mi ò ní ṣe é mọ́. Ìbúra òfo!

Lọ́jọ́ kan mo ká apá bùbá sókè kí n lè fi kóńgò wọn ẹ̀gúsí. Oníbàárà mi rí i, ó da ọjà padà. Obìnrin ìsọ̀ kejì ní, “Ìyá ẹlẹ́gùúsí, ẹ ò ṣe pàtẹ ọgbẹ́ yẹn lọ́tọ̀?” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ láti ọjọ́ náà ni ẹ̀gúsí ti ń sùn sí mi lọ́rùn, oúnjẹ àwọn ọmọ mi sì nìyẹn.

Ìyá ọkọ mi ní èékánná lọ̀tá, ó fi abẹ gé e wọlé. Áà! Ta ló ń bó ẹ̀gúsí láìní èékánná? Mo jókòó ti abọ́ lásán, ọwọ́ tí kò ríṣẹ́ ṣe tún padà sórí apá. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Nọ́ọ̀sì kan tó ń rajà lọ́wọ́ mi ló bi mí ní ohun tẹ́nì kan ò bi mí rí: “Mà, kí lẹ máa ń rò kí ọwọ́ yín tó lọ síbẹ̀?” Ó ní àìsàn ni, ó ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn, kì í ṣe ọ̀bùn, kì í ṣe ìwàkiwà. Mo sunkún lójú ọjà. Ó ní kí n máa ṣọ́ àsìkò tó ń mú mi, kí n fi aṣọ di apá, kí n sì wá nǹkan mìíràn fún ọwọ́ ṣe.

Bí èékánná ṣe hù padà, abọ́ ẹ̀gúsí ò jìnnà sí mi mọ́, kódà bí ọkọ mi bá ń bá mi jà. Ọwọ́ á gbéra, màá fi ẹ̀gúsí pàdé ẹ̀. Ó ṣì ń mú mi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àmọ́ mi ò búra mọ́. Màá fọ ojú ọgbẹ́, màá tún aṣọ dì.

Nígbà tí Iléyá dé, mo rán bùbá alápá péńpé. Àpá wà níbẹ̀, ọgbẹ́ ò sí. Ìyá ọkọ mi ń pe ará agboolé: “Ẹ wá wo apá ìyàwó mi! Èmi ni mo gé èékánná ẹ̀ o!” Mo ní, “Ẹ ṣeun, mà.” Bùbá yẹn náà ni mo wọ̀ padà sọ́jà. Mo na apá síta, mo wọn ẹ̀gúsí títí abọ́ fi ṣófo.

Ọdún gorí ọdún, àbíkẹ́yìn mi ń bó awọ ẹ̀gbẹ́ èékánná ẹ̀ nígbà ìdánwò. Àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní ká fi ata pa á níka. Mo pe gbogbo wọn jókòó. Mo ní, “Ẹ gbé ata yín padà sí kíṣìnì. Ẹ jókòó tì í, kẹ́ ẹ bi í léèrè ohun tó ń já a láyà.”